Ìtumọ̀ Slapstick àti Orísun Rẹ̀

Nínú àyẹ̀wò tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ lórí eré orí ìtàgé, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí a fi ń bu ẹnu àtẹ́ lu aláwàdà. Bí òṣèré bá ti ṣubú, tàbí tí a gbá a létí, kíá ni a ó kọ ọ́ pé slapstick lásán ni. Èmi náà ti kọ ọ́ rí nípa Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá. Kí ni slapstick gan-an?

Igi ni. Ní ilẹ̀ Ítálì, láti nǹkan bí ọdún 1550, àwọn òṣèré arìnrìn-àjò kan wà tí eré wọn ni a mọ̀ lónìí sí commedia dell'arte. Arlecchino, ọmọ-ọ̀dọ̀ inú eré náà, a máa mú igi kan lọ́wọ́. Pátákó pẹlẹbẹ méjì ni a so pọ̀ ní ìdí, tí àyè díẹ̀ wà láàrin wọn. Bí ó bá fi lu ènìyàn, ọ̀kan a gbá èkejì, a sì dún gbàà! bí ẹni pé egungun fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a lù kò fara pa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ Arlecchino di Harlequin. Slap ni ìgbátí, stick ni igi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, orúkọ igi ti di orúkọ irú àwàdà náà. Nígbà tí Charlie Chaplin bẹ̀rẹ̀ sinimá ní 1914, kò nílò igi náà mọ́.

Lójú tèmi, àyè àárín pátákó méjèèjì yẹn ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Òǹwòran gbọ́ ìró, ó sì mọ̀ pé kò sí ìrora. Òṣèré tí ó gbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ létí ní tòótọ́ kí èrò lè rẹ́rìn-ín ti dí àyè náà. Ẹni tí ó ń pè é ní "lásán" kò tí ì gbìyànjú láti ṣubú lulẹ̀ láìfarapa.

Ti Bàbá Sàlá wá ńkọ́? Nínú Ọ̀run Móoru, sinimá rẹ̀ ti 1982, ìwọra sún ọkùnrin tí ó ṣe sọ́wọ́ oníjìbìtì; owó lọ, ó sì fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrora náà kì í ṣe ìró lásán. Mo ṣi orúkọ pè nínú àyẹ̀wò mi. Bí mo bá tún un kọ, ìṣubú rẹ̀ nìkan ni n ó pè ní slapstick. Ọ̀rọ̀ owó yẹn, ẹ̀fẹ̀ ni n ó pè é, irú èyí tí òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fi ń tú àṣírí oníwọra.