Ẹja Kan Láàárín Ẹni Méjì: Àyẹ̀wò Oúnjẹ Òde Tọkọtaya ní Ìlú Douala

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é. Láti inú òwe yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí a ń kọ̀wé nípa lọ́kọláya ti ń mú àwòrán ìgbéyàwó: ilé kan, ààrò kan, obìnrin kan nídìí ìkòkò, àti ọkùnrin kan tí ó ń retí àwo. Àwòrán náà dára, ṣùgbọ́n kò kárí gbogbo ènìyàn mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tọkọtaya wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìlú tí wọn kò ní ẹbí sí, tí wọ́n gba yàrá kan ṣoṣo, tí àwọn méjèèjì ń jí jáde lọ wá iṣẹ́, tí ó sì jẹ́ pé òde ni wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ wọn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àwọn òǹkọ̀wé kò tí ì bá irú àwọn wọ̀nyí jókòó dáadáa, bẹ́ẹ̀ àwọn ará ìlú fúnra wọn ti fi orúkọ oúnjẹ àti orúkọ ibi ìjẹun ṣe iṣẹ́ ọnà tí ó yẹ kí lámèyítọ́ kà bí ẹni ń ka ìwé. Douala, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ni mo mú ṣe àpẹẹrẹ.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, kò sí ìlú tí ó yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀ ju ìlú yìí lọ, nítorí orúkọ oúnjẹ ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń jẹ́. Nígbà tí àwọn atukọ̀ Pọtogí dé ẹnu odò Wouri ní nǹkan bí ọdún 1472, edé tí ó kún inú omi náà yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì sọ ọ́ ní Rio dos Camarões, ìyẹn Odò Edé. Orúkọ tí àlejò fi ẹnu jíjẹ sọ odò ni ó wá di Kamerun lẹ́nu àwọn Jámánì, tí wọ́n bá ọba Bell àti ọba Akwa tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní oṣù keje ọdún 1884. Ní ọdún 1907 ni ìlú tí ó wà létí odò náà gba orúkọ Douala. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, ó bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Lónìí òun ni ìlú tí ó tóbi jù ní orílẹ̀-èdè náà, òun náà sì ni èbúté rẹ̀ pàtàkì. Àwọn àdúgbò bí Bonanjo, Bonapriso àti Bonabéri ṣì ń fi Bona- tí ó ṣíwájú orúkọ wọn sọ ìdílé tí ó ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò ló kún inú wọn fọ́fọ́.

Nínú àwọn àlejò yìí, ẹ jẹ́ kí a ronú nípa tọkọtaya kan tí wọ́n wá láti Bamenda tàbí Buea. Mi ò sọ ìtàn ẹnì kan pàtó. Àpẹẹrẹ lásán ni. Apá ibi tí wọ́n ti wá ni Ọba Gẹ̀ẹ́sì fi sábẹ́ ìṣàkóso Nàìjíríà títí di ọdún 1960, ní ìdìbò ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1961 sì ni wọ́n yàn láti dara pọ̀ mọ́ Kamẹrúùnù. Ní ọdún 2016, àwọn agbẹjọ́rò àti olùkọ́ apá náà yanṣẹ́ lódì nítorí pé wọ́n ní èdè Faransé ń gba ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé mọ́ wọn lọ́wọ́. Láti ọdún 2017, ọ̀rọ̀ náà ti di ìjà ìbọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti sá wá sí Douala, pàápàá sí Bonabéri tí ó wà ní òdìkejì odò. Gẹ̀ẹ́sì ni tọkọtaya yìí fi kàwé. Faransé ni ìlú ń sọ. Orúkọ ìlú wọn gan-an, Bamenda, ti di èébú lẹ́nu àwọn kan ní Douala. Kí wọ́n tó dé ọ́fíìsì kankan, ibi tí wọ́n ti máa kọ́kọ́ dánrawò nínú èdè ìlú ni iwájú ẹni tí ó ń bu oúnjẹ. Ẹni tí ebi ń pa kò lè dákẹ́.

Orúkọ tí wọn yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni «tournedos». Nínú ìwé oúnjẹ àwọn Faransé, ibi tí ó rọ̀ jù lára ẹran màlúù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré. Ní Kamẹrúùnù, ibi ìjẹun tí kò wọ́n rárá ni: tábìlì kan, ìkòkò mélòó kan, àti bẹ́ńṣì kan tí oníbàárà máa jókòó lé, tí yóò kọjú sí olóúnjẹ, tí yóò sì kẹ̀yìn sí títì. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà nínú orúkọ náà lédè Faransé, «yí» àti «ẹ̀yìn». Àwọn ará ìlú tú ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n kó ìtumọ̀ olówó dànù, wọ́n sì fi ìtumọ̀ tálákà rọ́pò rẹ̀ láìyí ìró kan padà. Àwa tí a ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ń pe irú eléyìí ní ìṣeréọ̀rọ̀. Ọgbọ́n mìíràn sì tún wà nínú rẹ̀: ẹni tí ó kẹ̀yìn sí títì kò ní rí ẹni tí ó ń wò ó pé ó ń jẹun lójú ọ̀nà. Orúkọ náà ti bá a bo ìtìjú rẹ̀.

Orúkọ kejì ni «poulet DG», adìẹ tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ dòdò, kárọ́ọ̀tì àti àwọn ẹ̀fọ́ mìíràn. DG ni ọ̀gá àgbà pátápátá ní ilé iṣẹ́. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀, Adìẹ Ọ̀gá Àgbà ni. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé oríyìn lásán ni. Ní Kamẹrúùnù, bí ó ti rí lọ́dọ̀ Yorùbá, jíjẹ kì í ṣe ti ẹnu nìkan. Àwa ń jẹ oyè, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ ìyà, a sì ń jẹ owó ìjọba. Nínú èdè àdàlù tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń sọ, tí wọ́n ń pè ní Camfranglais, «tchop» tí wọ́n yá láti inú Pijin ni jíjẹun, òun kan náà ni jíjẹ owó. Nígbà tí Jean-François Bayart, onímọ̀ ìṣèlú ará Faransé, tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìjọba ní ilẹ̀ Adúláwọ̀ jáde ní ọdún 1989, gbólóhùn kan tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Kamẹrúùnù nípa ìṣèlú àti ikùn ni ó fi ṣe àkọlé. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ bá ní kí wọ́n bu Adìẹ Ọ̀gá Àgbà fún òun, ó ń jẹ oyè náà fún wákàtí kan, ó sì ń fi ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ láti ọdún yìí dé ọdún yẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn oúnjẹ tí kò gba orúkọ àwàdà náà ní ẹ̀kọ́ tiwọn. Yorùbá tí ó bá jẹ koki, ẹ̀wà lílọ̀ tí a po epo pupa mọ́, tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé, tí a sì sè, yóò mọ̀ pé àbúrò ọ̀ọ̀lẹ̀ ni. Ndolé, ọbẹ̀ tí ìlú náà fi ń yangàn, ewúro ni, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sì fi ẹ̀pà àti edé sè. Àwọn kan máa ń sọ pé láti ara «ndolo», ìfẹ́ lédè Duala, ni orúkọ náà ti wá. Ó dùn ún gbọ́, ó sì yẹ tọkọtaya, ṣùgbọ́n ìjọra ìró kì í ṣe ẹ̀rí, n kò sì ní fi adùn rọ́pò ìwádìí. Ní ti eru, láti apá tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá: ewé tí àwọn Ẹ́fíìkì ń pè ní afang, tí wọ́n pò mọ́ gbúre àti epo, tí wọ́n sì ń fi fùfú jẹ. Àwọn tí ń sọ Faransé ní Douala ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń pè é ní eru láìtúmọ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé kò lè ṣe fún àwọn ará Bamenda, ìkòkò ọbẹ̀ ti ṣe é: ọ̀rọ̀ ilé wọn wọ ẹnu àwọn tí ń bú wọn.

Kí ni àwọn òǹkọ̀wé àti olórin rí ní tiwọn? Ẹ jẹ́ kí a mú méjì tí a bí ní Douala. Francis Bebey, tí a bí ní ọdún 1929, tí ó sì kú ní Paris ní ọdún 2001, kọ orin kan ní àwọn ọdún 1970 tí ó pè ní «La condition masculine». Ọkọ kan ni ó ń ráhùn níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin ti wọ ilé òun, ìyàwó òun kò sì gbọ́ràn bíi ti àtẹ̀yìnwá. Bebey fi ọkọ náà ṣẹ̀fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi mọ ẹni tí ó gbè lẹ́yìn. Calixthe Beyala, tí a bí ní ọdún 1961, ní tirẹ̀ tẹ ìwé ìtàn àròsọ «Comment cuisiner son mari à l'africaine» jáde ní ọdún 2000. Nínú rẹ̀, Aïssatou, obìnrin adúláwọ̀ tí ó ń gbé Paris, fi oúnjẹ ilẹ̀ wa fa Bolobolo aládùúgbò rẹ̀ mọ́ra, òǹkọ̀wé sì ń to bí a ṣe ń se oúnjẹ mọ́ inú ìtàn. Iṣẹ́ méjèèjì pa mí lẹ́rìn-ín, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Síbẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n gbà láìjiyàn. Bebey bi wá léèrè bóyá obìnrin yóò máa sin ọkọ nílé; Beyala bi wá léèrè bóyá obìnrin lè fi ìkòkò mú ọkọ. Inú ilé ni àwọn méjèèjì wà. Òwe ọbẹ̀ baálé tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni ó ṣì ń darí wọn, ẹni tí ń bá a jà àti ẹni tí ń bá a ṣeré.

Ẹ wá wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ní àdúgbò Deido, ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní «Rue de la Joie», Òpópónà Ayọ̀. Obìnrin kan to ẹja tútù sórí tábìlì, iná èédú sì ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ jẹ yóò yan ẹja, yóò ná an, yóò sì lọ jókòó sí ilé ọtí tí ó wà nítòsí, tí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Onílé ọtí ni ó ni àga, ẹlẹ́ja ni ó ni oúnjẹ. Ẹja náà yóò dé nínú àwo kan pẹ̀lú ata àti miondo, gbágùúdá kíkan tí a fi ewé wé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a sì sè. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Tọkọtaya wa tí owó wọn kò tó ẹja méjì yóò ra ẹyọ kan, wọn yóò sì jọ tọwọ́ bọ àwo náà.

Ohun tí ó kéré lójú ni, ṣùgbọ́n ẹ fi wé àṣà wa. Ní ilé Yorùbá àtijọ́, ọkọ ń jẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìyàwó àti ọmọ ń jẹ tiwọn lọ́tọ̀, ẹran tí ó tóbi sì wà nínú àwo baálé. Gírámà èdè wa tẹ̀ lé ètò àwo yìí: ìyàwó ń pe ọkọ ní «ẹ», ọkọ ń dá a lóhùn ní «o». Pijin tí tọkọtaya láti Bamenda ń sọ sí ara wọn lórí ẹja náà kò ní irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. «You» kan ṣoṣo ni ọkọ àti aya ń pe ara wọn. N kò sọ pé èdè tí kò ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ kò ní ọ̀wọ̀, nítorí àṣìṣe ńlá ni ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé nídìí àwo ẹja yìí, ọwọ́ àti ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ bá ara wọn mu. Ta ni yóò jẹ orí ẹja? Àṣà kò fèsì mọ́. Àwọn fúnra wọn ni yóò sọ ọ́.

Àwọn àgbà lè ní ìnákúnàá ni, kí wọ́n sì béèrè pé kí ni ìyàwó ilé ń ṣe nígbà tí ọkọ ń jẹun lóde. Ẹ̀sùn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó. Kí òyìnbó tó dé ni Yorùbá ti ń ra ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń sè é tà. «Beignet-haricot» àti ògì mímu tí Douala fi ń jí kò yàtọ̀ sí i. Àtakò kan wà tí ó lágbára ju ìyẹn lọ. Ìyàwó tí ó bọ́ lọ́wọ́ ààrò lálẹ́ yẹn, obìnrin mìíràn ni ó dúró nínú èéfín nítorí rẹ̀. Ẹlẹ́ja kò jókòó. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí òun yóò jẹun, tàbí bóyá ẹnìkan ń se oúnjẹ de òun nílé. Bí àwa lámèyítọ́ bá yin àwo kan tí ẹni méjì jọ ń jẹ, tí a kò sì rí ẹnì kẹta tí ó sun ẹja náà, a jẹ́ pé a ti jókòó sórí bẹ́ńṣì tournedos, a sì ti kẹ̀yìn sí títì.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pe àwọn òǹkọ̀wé ọ̀dọ́, ní èdè yòówù kí wọ́n máa kọ, pé kí wọ́n kúrò nídìí ààrò kan náà tí àwa àgbà ti ń yí ká. Ìtàn tọkọtaya tuntun ní ìlú tuntun wà níbi tí wọ́n ti ń ná ẹja lédè tí kò tí ì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, níbi tí wọ́n ti ń ka owó kí wọ́n tó jókòó, níbi tí wọ́n ti ń pín orí àti ìrù láìsí àgbà tí yóò dájọ́. Àwọn tí ó sọ oúnjẹ wọn lórúkọ ti fi ọ̀nà hàn wá. Kí ẹni tí yóò kọ ìtàn náà rí i dájú pé ó béèrè orúkọ ẹlẹ́ja.