Ta Ló Ni Èéfín Yìí?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ mọ̀ pé n kì í gba máàpù gbọ́ láìbi í léèrè ohun tó kà. Àwọn máàpù tó ń fi èéfín kábọ́ọ̀nù Nàìjíríà hàn ní ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀, ibi tí èéfín ti jáde ni wọ́n sábà máa ń kà. Wọn kì í ka ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ dáná. Ibẹ̀ ni ọ̀nà èmi àti wọn ti pín.

Rélùwéè dé Ìlọrin ní 1908. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú ilẹ̀ ní Enugu ní 1915, òun ni rélùwéè wá ń jó: Enugu ni wọ́n ti gbẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ tiwa ni èéfín ti ń rú. Wọ́n rí epo ní Oloibiri ní 1956, ọ̀rọ̀ yí padà, Niger Delta wá di ibi tí gáàsì ti ń jó dànù tọ̀sán-tòru. Òfin 1979 ní kó dópin ní January 1, 1984, àfi ẹni tí mínísítà bá fún níwèé àṣẹ. Àfi yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Iná náà ṣì ń jó. Èkó àti òkè òkun ń jẹ epo, máàpù ní Delta ló jẹ̀bi.

Tiwa ńkọ́? Ìsédò Kainji tí wọ́n ṣí ní 1969, inú Kwara ló wà nígbà náà. Ní 1991 ìjọba gé Borgu fún ìpínlẹ̀ Niger. Omi ò kúrò lójú kan o! Síbẹ̀, nínú ìwé, iná tí kò lo epo ti bọ́ lọ́wọ́ Kwara.

Èyí tó ká mi lára jù ni èédú igi tí ọkọ̀ ń kó láti inú igbó wa lọ sí Èkó. Ìlànà IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń ṣètò bí a ṣe ń ka èéfín, ní ibi tí wọ́n ti gé igi ni kí wọ́n kọ kábọ́ọ̀nù rẹ̀ sí, kí wọ́n má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Fún odidi orílẹ̀-èdè, ó bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ tí wọ́n bá fi pín gbèsè láàárín ìpínlẹ̀, ẹni tó se ọbẹ̀ ò ní san nǹkan kan, abúlé tí igbó rẹ̀ ti di pápá ló máa san án.

Òfin ojú ọjọ́ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní November 2021 ní kí wọ́n fi gbèdéke sí èéfín orílẹ̀-èdè. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá wá fẹ́ pín in fún ìpínlẹ̀, ìwé méjì ni kí wọ́n ṣí: ọ̀kan fún ibi tí èéfín ti jáde, ìkejì fún ẹni tó jẹ àǹfààní rẹ̀. Ọkọ̀ èédú ṣe é kà lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.