Ilé Tó Gba Ọmọ Mọ́ra: Àríwísí lórí Fíìmù Moonlight

Ọdún 2016 ni Barry Jenkins gbé fíìmù Moonlight jáde. Ní 2017, ó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún fíìmù tó dára jù lọ. Àdúgbò Liberty City ní Miami, ní Amẹ́ríkà, ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀; ibẹ̀ ni Jenkins àti Tarell Alvin McCraney, tó ni ìtàn náà, dàgbà sí. Fíìmù náà kì í ṣe ti ọmọdé; àǹtí mi ló bá mi wò ó.

Chiron ni olú ẹ̀dá ìtàn. A rí i ní ọmọdé, ní ọ̀dọ́ àti ní géńdé. Ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin bíi tirẹ̀. Kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi bú u. Nílé, oògùn olóró ti gba ìyá rẹ̀, Paula, lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìran tó wọ̀ mí lára jù kò ní ìjà nínú. Chiron jókòó sídìí tábìlì Juan àti Teresa, tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fún un lóúnjẹ. Ó béèrè ìtumọ̀ èébú tí wọ́n ń bú u. Juan kò lé e. Ó dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ náà wá béèrè bóyá Juan ń ta oògùn olóró, àti bóyá ìyá òun ń lò ó. Juan dorí kodò. Ẹni tó gba ọmọ mọ́ra náà ló ń jẹ nínú ohun tó ń ba ìyá rẹ̀ jẹ́. Fíìmù náà kò wàásù níbẹ̀ rárá.

Ní 2009, Caitlin Ryan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìṣègùn Pediatrics. Ọ̀dọ́ 224 tí ìfẹ́ wọn kò rí bíi ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n bi léèrè ohun tí ojú wọn rí nílé. Wọ́n fi àwọn tí ẹbí kọ̀ gidigidi wé àwọn tí ẹbí kò kọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gbígbìyànjú láti pa ara ẹni ju ìlọ́po 8 lọ, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 6, lílo oògùn olóró sì ju ìlọ́po 3 lọ. Ìfẹ́ wọn jọra. Ọwọ́ tí ilé fi mú wọn ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ funfun àti Látínò nìkan ni wọ́n bi. Ọmọ bíi Chiron kò sí níbẹ̀. Fíìmù yìí ló jẹ́ ká rí i.

Àríwísí kan ni mo ní. Lẹ́yìn tí wọ́n lu Chiron níléèwé, ó fọ́ àga mọ́ Terrel tó wà nídìí rẹ̀, ọlọ́pàá sì gbé e lọ. Lójijì, a tún rí i ní Atlanta, ó ti di ẹni tó ń ta oògùn olóró. Gbólóhùn díẹ̀ péré ló fi sọ pé àtìmọ́lé àwọn ọ̀dọ́ lòun ti pàdé ẹni tó fa òun wọ òwò náà. Ta ló jókòó tì í ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Ta ló bi í bóyá ó ń rí oorun sùn? Fíìmù tó fi sùúrù hàn wá bí Juan ṣe kọ́ ọ lúwẹ̀ẹ́ lókun kò yẹ kó fo ibẹ̀.

Nígbẹ̀yìn, Paula tọrọ àforíjì, ọmọ rẹ̀ sì sunkún. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún Paula dé, àmọ́ ó pẹ́. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, bí ọ̀rọ̀ ọmọ bá tilẹ̀ ṣòro fún yín láti gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ìdí tábìlì ẹlòmíràn ni yóò ti kọ́kọ́ béèrè.