Ọwọ́ Tí Ó Mọ Iṣẹ́ àti Ìwé Tí Kò Ré Òkun Kọjá: Àyẹ̀wò Dókítà Àjèjì nínú Americanah àti Dirty Pretty Things

1. Ìfáàrà

Láàrin àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ iṣẹ́ tí ó bá ti ṣe fírídọ́ọ̀mù lè kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Bí ó bá débẹ̀, yóò wá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ bíi tirẹ̀ rí, yóò dárúkọ ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, yóò san owó ẹgbẹ́, iṣẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ibi tí òkìkí ọ̀gá bá kàn dé ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára mọ. Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ bí oníṣẹ́ bá dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ orúkọ ọ̀gá rẹ̀ rí? Ìbéèrè yìí ni ó so iṣẹ́ méjì tí pépà yìí yẹ̀ wò pọ̀. Èkíní ni Americanah, ìtàn àròsọ tí Chimamanda Ngozi Adichie gbé jáde ní 2013. Èkejì ni Dirty Pretty Things, fíìmù tí Steven Knight kọ, tí Stephen Frears sì darí, tí ó jáde ní 2002. Dókítà ọmọ Nàìjíríà tí ó bá ara rẹ̀ lókè òkun wà nínú méjèèjì.

Èrò tí ó wà níhìn-ín ni pé nínú iṣẹ́ méjèèjì, kì í ṣe ìmọ̀ dókítà ni wàhálà bí kò ṣe ẹni tí ó ní àṣẹ láti jẹ́rìí sí ìmọ̀ náà. Èrò kejì ni pé méjèèjì kò bìkítà tó fún ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ, èyí nì, aláìsàn.

2. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀

Nígbà tí wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, oyè Yunifásítì London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbà, títí di 1962 tí Ìbàdàn di yunifásítì tí ó dá dúró. Ẹni tí ó bá gba oyè ìṣègùn níbẹ̀ ṣáájú àkókò náà, orúkọ London ni ó gbé dání. Àyípadà 1962 kò sọ ọwọ́ oníṣègùn kan di òmùgọ̀ lóru ọjọ́ kan. Orúkọ tí ó wà lórí ìwé ni ó yí padà. Ní 1975, General Medical Council ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò fún ọ̀pọ̀ dókítà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lókèèrè. Òun ni ó di PLAB lónìí. Ní Amẹ́ríkà, láti 1956 ni àjọ ECFMG ti ń yẹ ìwé irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ wò. Ní àkókò tí Americanah sọ nípa rẹ̀, dókítà àjèjì yóò ṣe ìdánwò, yóò sì tún padà sẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn.

Ìdánwò fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìwà ìkà. Aláìsàn tí ó fẹ́ fi ara rẹ̀ lé àjèjì lọ́wọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ pé onítọ̀hún mọ ohun tí ó ń ṣe. Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ bi iṣẹ́ ọnà ni bóyá ìmọ̀ ni wọ́n ń dán wò lóòótọ́.

3. Aunty Uju: ìdánwò lẹ́yìn ìdánwò

Ó rọrùn láti ka ìtàn Aunty Uju bí ìtàn irun àti àwọ̀ nìkan. Bẹ́ẹ̀, ìdánwò ni òpó tí ó gbé e dúró. Lẹ́yìn tí ọ̀gágun tí ó ń fẹ́ kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú, obìnrin yìí gbé Dike ọmọ rẹ̀ sá lọ sí Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń ṣe pọ̀ mọ́ ìwé kíkà. Ó kọ́kọ́ fìdí rẹmi. Nígbà tí ó yá, ó yege. Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò tíì tutù tí ó fi kéde pé òun yóò tú irun òun, òun yóò sì jó o kí ó lè nà, nítorí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Yorùbá ní ọmọdé tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Aunty Uju wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó wá rí i pé orí ló tún kù.

Ọgbọ́n Adichie níhìn-ín ni pé kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó dárúkọ irun. Ojúlùmọ̀ kan ni ó kìlọ̀ fún Aunty Uju pé kí ó má di irun lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, òun náà sì gbà láìjanpata. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú orúkọ: bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń pè é lódì ni òun náà wá ń pè é. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ẹni tí ó bá yọ ìjánu náà fún àlejò, àlejò ni yóò máa darí rẹ̀. Ìdánwò àkọ́kọ́ ní ìwé tí a lè kà fún un. Èkejì kò ní.

Síbẹ̀, ìwé náà kò dá Amẹ́ríkà nìkan lẹ́bi. Ní Èkó, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gágun ni ó fún Aunty Uju níṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ológun. Nílé, alágbára kan ni ó jẹ́rìí; lókèèrè, kò sí ẹlẹ́rìí. Kò sí ibi kankan nínú méjèèjì tí ìmọ̀ rẹ̀ nìkan ti tó.

4. Okwe: ọ̀daràn gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí

Okwe ń wa takisí lọ́sàn-án, ó ń ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì lóru ní London. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀, nítorí kò ní ìwé ìgbélùú tí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò. Àwọn tí ó mọyì iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn tí ó ní ohun láti fi pamọ́: ọ̀gá takisí tí ó kó àrùn ìbálòpọ̀, àti Señor Juan, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì, tí ń gba kíndìnrín lọ́wọ́ àwọn aláìníwèé láti fi ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé ìrìnnà. Òun nìkan ni ó fi ipò oníṣègùn lọ Okwe láìsí ìdánwò. Kókó fíìmù náà nìyí, ó sì gún ni lọ́kàn: níbi tí òfin bá ti kọ̀ láti wo ọwọ́ oníṣẹ́, ìwà ọ̀daràn yóò bá òfin wò ó.

Ṣùgbọ́n fíìmù yìí da ẹnubodè méjì pọ̀, ti ìmọ̀ àti ti ìwé ìgbélùú. Adichie yà wọ́n sọ́tọ̀. Aunty Uju dúró ní ti àkọ́kọ́. Obinze, tí ó kàwé gboyè nílé, tí ó wá ń fi orúkọ Vincent ṣiṣẹ́ ní London, dúró ní èkejì. Ìyàsọ́tọ̀ yìí mú kí òǹkàwé mọ ìlẹ̀kùn tí ó tì gan-an.

5. Àléébù

Aunty Uju fúnra rẹ̀ ní ìbéèrè ẹ̀tàn ni wọ́n fi dán òun wò, kì í ṣe ìmọ̀ ìṣègùn gidi, ṣùgbọ́n Adichie kò fi hàn bóyá òótọ́ ni. Ṣé àárẹ̀ iṣẹ́ mẹ́ta ni, àbí àlàfo wà nínú ẹ̀kọ́ tí ó kọ́? Láìmọ èyí, òǹkàwé kò lè dájọ́ bóyá ìdánwò náà tọ́.

Ti fíìmù le ju èyí lọ. Ọwọ́ Okwe kì í gbọ̀n. Nígbà tí ó yọ kíndìnrín Señor Juan dípò ti Senay, yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni ó ti ṣe é, ó sì yọrí sí rere, bí ẹni pé ìwé àṣẹ kò já mọ́ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, fíìmù kan náà ti fi ọkùnrin ará Somalia hàn, ẹni tí wọ́n yọ kíndìnrín rẹ̀ ní ìyọkúyọ, tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ sì ti kẹ̀. Ọgbẹ́ yẹn ni àlàyé tí ó lágbára jù lọ fún ìdánwò àti ìwé àṣẹ. Okwe tọ́jú rẹ̀, ìtàn sì kọjá lára rẹ̀.

6. Ìkádìí

Iṣẹ́ méjèèjì fi ìyà dókítà hàn kedere, wọ́n sì fi hàn pé ẹ̀rí iṣẹ́ lè di ọ̀ràn orúkọ, irun àti ìwé ìgbélùú. Ohun tí ó kù ni ìtàn tí yóò fi dókítà àjèjì àti aláìsàn sójú kan náà, tí yóò jẹ́ kí ẹ̀rù aláìsàn àti ẹ̀dùn dókítà sọ̀rọ̀ papọ̀. Òǹkọ̀wé Yorùbá tí ó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ náà ṣe kò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ jìnnà. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ṣe fírídọ́ọ̀mù mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ ọ̀gá òun tán, wọn yóò ṣì wo iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ náà ni wọn yóò wò.