Ohùn Orin àti Ohùn Ọ̀rọ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìrọ̀lẹ́ Orin Àṣàrò ní Ìjọ Abúlé Kan

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ lórí bí orin ìjọ ṣe ń ba ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá jẹ́ kì í ṣe tuntun láàárín àwa olùkọ́ èdè. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí a ti ń fi ohùn orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ orin mímọ́ tí a túmọ̀ ni ìṣòro náà ti wà nílẹ̀. Nínú ìwé Yoruba Music tí ó jáde ní 1953, T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kátídírà Kristi ní Èkó láti 1914 títí di 1962, fi yé wa pé ohùn orin gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Kí ìwé yẹn tó jáde ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ti ń fi ohùn orin ìbílẹ̀ kọrin ìyìn. Ní 1922 ni wọ́n gba orin rẹ̀ 43 sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀n.

Ìlànà yìí ni a gbé lọ́kàn lọ sí ìjọ abúlé kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà àwẹ̀ Lẹ́ńtì. Èrò wa ni pé a óò rí ẹ̀rí sí i láti fi dá orin àtúmọ̀ lẹ́bi. Ohun tí a gbọ́ kò jẹ́ kí ẹjọ́ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Orin Àtúmọ̀

Kò sí dùùrù níbẹ̀. Àwọn akọrin kò ju méjìlá lọ, wọ́n sì ń fa orin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ó ti yẹ orin àṣàrò. Wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Ẹnikẹ́ni kò fi ohùn tirẹ̀ bo ti ẹlòmíràn. A yìn wọ́n fún èyí.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé ibi tí a ti dárúkọ ogún tí ń bẹ ní ọ̀run, ohùn orin kò gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti gòkè. Sílébù méjèèjì dúró lójú kan, ogún sì di ogun. Ní ẹsẹ tí ó tẹ̀lé e, ohùn orin fò sókè láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí a bá fi etí nìkan ṣe ìdájọ́, Ògún ni wọ́n dárúkọ nínú ilé Ọlọ́run!

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nígbà tí ìsìn parí, a bi í léèrè ohun tí orin náà ń sọ. Ó ní, “Ogun ni, sà. Ogun tí àwọn áńgẹ́lì ń jà.” Ìyá àgbà kan tí ó ti dijú kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ́rìn-ín, ó ní, “Rárá o, ọmọ mi. Ogún ni, ohun tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ.”

Ohun kan náà ni etí àwọn méjèèjì gbọ́. Kí ló dé tí ìtumọ̀ fi yàtọ̀? Ìyá yìí ti ka ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé orin kí ó tó di pé ó ń kọ ọ́ lórí. Ọmọ náà kò kà á rí. Ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni ó ti kọ́ ọ.

Sáàmù àti Orin Ìbílẹ̀

Nínú Sáàmù ni iṣẹ́ aṣáájú orin wọn ti hàn jùlọ. Ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí a ka ọ̀pọ̀ sílébù lórí ohùn kan ṣoṣo. Bí a bá tẹ̀lé e gẹ́lẹ́, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ yóò di ọ̀kan náà. Bàbá yìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń tẹ ohùn náà díẹ̀ sókè, díẹ̀ sódò, bí ọ̀rọ̀ ti ń darí rẹ̀, gbogbo ìjọ sì gbọ́ ohun tí ó ń wí. Ẹni tí orin Gẹ̀ẹ́sì ti mọ́ lára lè pè é ní àṣìṣe; ní tiwa, ọgbọ́n ni.

Orin ìbílẹ̀ ni wọ́n fi kádìí rẹ̀, pẹ̀lú lílé àti ègbè. Níbẹ̀ ni ohùn orin ti bá ọ̀rọ̀ rìn dáadáa. Síbẹ̀, kí a má ṣe sọ pé ìṣòro ti tán. Ohun tí orin ń tẹ̀lé ni ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ohùn. Kì í sọ fún wa ibi tí ohùn náà wà gan-an. Sílébù méjèèjì ìyè jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, ti iye jẹ́ ohùn àárín. Nínú orin, méjèèjì lè dúró lójú kan, kí ìyàtọ̀ wọn má hàn. Gbólóhùn tí ó yí ọ̀rọ̀ náà ká ni ó ń gbà wá.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni a rí dì mú. Èkíní, kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi orin kọ́ni jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè bí ẹni ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó kọ ọ́. Èkejì, kí olùdánwò má ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ láti inú orin pé kí ó fi àmì ohùn sí i. Odindi gbólóhùn ni kí ó fún un. Ọmọ tí ó kọ ogun gbọ́ dáadáa. Àwa ni a kò jẹ́ kí ó kà. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe dá orin àtúmọ̀ lẹ́bi pátápátá. Ìyá àgbà yẹn dijú, ó kọrin tí ohùn rẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀ mu, ó sì mọ gbogbo ohun tí ó ń wí. Ìwé ni ó tún ohùn náà ṣe fún un. Bí kíka ìwé orin bá parun láàárín àwọn ọmọ wa, orin yóò kù, ṣùgbọ́n ogún yóò ti di ogun.