Igbó Inú Lítíréṣọ̀ àti Igbó Lẹ́kì

Ọdún 1990 ni wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú igbó àti ẹranko tí ó wà ní Lẹ́kì, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹgbẹ́ tí Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, dá sílẹ̀ ní ọdún 1980 láti dáàbò bo ohun abẹ̀mí inú igbó ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó ni ibùdó náà. Ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 78. Àbàtà wà níbẹ̀, ọ̀dàn wà níbẹ̀, igbó tí ó ṣú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé ti yí i ká báyìí, títì márosẹ̀ tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ kò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé.

Ní ọdún 2015, wọ́n ta afárá kan níbẹ̀ láti orí igi dé orí igi. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Láti ìgbà náà, afárá yìí ni ó gba ẹnu àwọn tí ó ń ti ibẹ̀ bọ̀. Ọmọ tí ó bá gba orí rẹ̀ kọjá yóò délé ròyìn bí ó ti ń mì, ẹni tí ó sunkún àti ẹni tí ó di okùn mú gírígírí. Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá bi í pé igi wo ni ó rí, yóò ní igi ni òun rí. Bí ó bá bi í pé ẹranko wo ni, yóò pe orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ a sì jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀bi afárá kọ́ ni èyí. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá yẹ̀ wò ni irú lítíréṣọ̀ tí ó fi ń pèsè ọmọ sílẹ̀ kí ó tó lọ, nítorí pé kì í ṣe gbogbo lítíréṣọ̀ tí ó dárúkọ ẹranko ni ó ń wo ẹranko.

Àlọ́ ni ó kọ́kọ́ máa ń wá sí olùkọ́ lọ́kàn. Ó rọrùn, ọmọ mọ̀ ọ́n, Ìjàpá ọkọ Yánníbo sì wà ní Lẹ́kì tí ó ń rìn jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni Ìjàpá inú àlọ́: ó ń jẹ gbèsè, ó ń pa irọ́, ó ń ja àna rẹ̀ lólè. Bí apàlọ́ bá yọ ọ́ kúrò tí ó fi ọkùnrin ọ̀kánjúwà kan rọ́pò rẹ̀, ìtàn náà kò ní í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun tí àlọ́ wò dáadáa lára ẹranko yìí kò ju ìkarahun rẹ̀ tí ó dà bí ohun tí ó fọ́ tí wọ́n tún tò pọ̀, àti ìrìn rẹ̀ tí kò yá. Ọmọ tí ó bá fi àlọ́ nìkan lọ sí Lẹ́kì yóò dúró ti ahun, yóò máa retí àrékérekè; nígbà tí kò bá rí i, yóò ṣí lọ síbòmíràn. Kò ní í mọ̀ pé ewé ni ó ń jẹ, tàbí pé abo rẹ̀ a máa gbẹ́ ilẹ̀ kó ẹyin rẹ̀ pamọ́ sí.

Ìwé Fágúnwà ni ó tẹ̀lé e. Láti ìgbà tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde ní ọdún 1938, kò sí igbó mìíràn tí ó ga jù ú lọ lọ́kàn òǹkàwé Yorùbá. Ẹwà èdè rẹ̀ kò ṣe é sẹ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ kà á yóò ṣàkíyèsí pé Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún ni ó dá Àkàrà-oògùn lọ́nà, kì í ṣe ẹfọ̀n. Ibi ìdánwò ìwà ọmọ ènìyàn ni igbó Fágúnwà jẹ́. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ, bí yóò ti jáde ni ó ń wá. Olùkọ́ tí ó bá kà á fún ọmọ ọdún mẹ́fà ní alẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò mọ́ tí wọn yóò lọ sí Lẹ́kì, ẹ̀rù ni ó dì lẹ́rù fún un.

Ẹ̀rù náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Lẹ́kì dọ́gba: hẹ́kítà 75 ni. Òrìṣà àti èèwọ̀ ni ó pa á mọ́. Wọn kì í dẹ ìgbẹ́ níbẹ̀, wọn kì í pẹja inú odò rẹ̀, wọn kì í gé igi rẹ̀. Nígbà tí agbára èèwọ̀ náà ń rẹ̀yìn, Susanne Wenger tí àwọn ènìyàn ń pè ní Àdùnní Olórìṣà àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ gbé igbó náà ró, títí UNESCO fi kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Ẹni tí ó bá ní ìbẹ̀rù kò wúlò fún igbó, kí ó ka iye igbó tí kò ní òrìṣà tí ó ti di oko àti ilé. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù a máa mú ojú wolẹ̀ ni. Lẹ́kì sì rèé, ojú gan-an ni ọmọ nílò níbẹ̀.

Ìjálá ni olùkọ́ kì í rántí. Kì í ṣe pé ìwé kò sí: Ìjálá Aré Ọdẹ tí Ọládípọ̀ Yémitàn kọ ti jáde láti ọdún 1963, iṣẹ́ Adébóyè Babalọlá lórí àkóónú àti ìhun ìjálá sì tẹ̀lé e ní ọdún 1966. Ohun tí ó ya ìjálá sọ́tọ̀ ni pé àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ti lúgọ de ẹranko rí. Wọ́n mọ ipa ẹsẹ̀, wọ́n mọ ìgbẹ́, wọ́n mọ àkókò tí ẹranko ń jẹ̀ àti ibi tí ó ń sùn. Lóòótọ́, oníjàálá a máa fi ẹranko wé ènìyàn, a sì máa ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n láti ara ẹranko fúnra rẹ̀ ni àfiwé náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èyí hàn nínú orúkọ. Ọmọ ìsinsìnyí ní orúkọ kan ṣoṣo fún gbogbo ẹranko tí ó ń fò lórí igi tí ó sì ní ìrù. Èdè ọdẹ ní ọ̀bọ, ẹdun, ìjímèrè, ààyá àti lágídò, kò sì sí ọdẹ tí yóò fi ọ̀kan pe èkejì. Ẹdun tilẹ̀ ti ti igbó wọ inú ilé, nítorí oríkì ìbejì so àwọn ọmọ náà mọ́ ọn. Ìbejì mélòó ni ó ń gbọ́ oríkì yìí láàárọ̀ tí ó mọ̀ pé ẹranko ni ẹdun? Èyí tí ó wà ní Lẹ́kì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní mona. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ fún ọmọ bí ọdẹ ti ń pè é gbọ́dọ̀ ti bá ọdẹ àgbà jókòó kí ó tó wọ ọkọ̀.

Àtakò kan wà tí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ojú tí oníjàálá fi wo ẹranko, ojú ẹni tí ó gbé ìbọn ni. Ó mọ ibi tí ẹtu ń sùn nítorí pé ó fẹ́ pa á, a sì máa yin adùn ẹran nínú ọbẹ̀ bí ó ti ń yin ẹwà rẹ̀ nínú igbó. Báwo ni olùkọ́ yóò ṣe ki okété ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti pa okété? Àwọn kan yóò fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi ẹwà nìkan sílẹ̀ fún ọmọdé. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ yóò sọ ìjálá di irọ́. Ó sàn kí ọmọ gbọ́ ọ bí ó ti wà, kí ó gbọ́ pé ẹni tí ó mọ ẹwà ẹranko tó bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń pa á, kí ó sì béèrè ìdí rẹ̀. Bí ó bá ti béèrè, olùkọ́ lè sọ fún un pé àwọn tí oríkì wọn gbayì jù lọ lẹ́nu ọdẹ, erin, ẹfọ̀n àti ẹkùn, kò sí ní Lẹ́kì rárá. Erin díẹ̀ ṣì wà nínú igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ti ẹkùn, ẹnu oníjàálá nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá yóò ti pàdé rẹ̀.

Okété wà ní tirẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti gbọ́ oríkì rẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀ kò ní í yára sáré lọ sí ìdí afárá. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, yóò máa wá ihò.