Orílẹ̀, Èèwọ̀ àti Àmì Ìdílé: Àyẹ̀wò Ohun tí Samuel Johnson Pè ní Totem

Bí ọ̀rọ̀ orílẹ̀ bá délẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́, ìwé Samuel Johnson, The History of the Yorubas, tí ó kọ parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣí. Níbẹ̀ ni Johnson ti pe orílẹ̀ ní totem, tí ó sì ka erin, àgbò, ọ̀pó àti Ògún mọ́ ọn. Iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe. Òun tìkára rẹ̀ kò sì fi pa mọ́ pé ìtumọ̀ wọn gan-an ti fara sin. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ọmọ. Orúkọ tí Johnson yá lò yìí ti ro ìmọ̀ wa pẹ̀lú.

Láti inú èdè àwọn Ojibwe ní Àríwá Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. J. G. Frazer, nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní 1887, mú un gbilẹ̀: ìdílé kan ka ẹranko kan sí ìbátan, wọn kì í pa á, wọn kì í jẹ ẹ́, wọn kì í sì fẹ́ ara wọn. Ní 1962, Claude Lévi-Strauss fi hàn pé àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í sábà wà pọ̀, pé àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó dì wọ́n ní ẹrù kan. Ó tọ́ kí a tú ẹrù náà nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú.

Èkíní ni orílẹ̀. Iṣẹ́ Adébóyè Babalọlá, Àwọn Oríkì Orílẹ̀ (1967), àti èyí tí Karin Barber ṣe ní Òkukù, tí ó tẹ̀ jáde ní 1991, jẹ́ kí ó hàn pé ìlú tí àwọn baba ńlá ti ṣẹ̀ wá ni oríkì orílẹ̀ ń tọ́ka sí. Erin tàbí ọ̀pó inú rẹ̀ kì í ṣe baba ẹnikẹ́ni. Ẹlẹ́rìí ni, tí àwọn tí ogun tàbí òwò tú ká fi ń dá ara wọn mọ̀ lájò.

Èkejì ni àmì ojúbọ. Ní Ọ̀wọ̀, orí àgbò tí a fi igi gbẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ̀sámásìnmi, ni a máa ń gbé sí ojúbọ àwọn baba ńlá. Òmíràn ní ojú ènìyàn àti ìwo àgbò. Síbẹ̀ àgbò kan náà ni a ń pa bọ wọ́n. Bí a bá di ọ̀rọ̀ Frazer mú, a jẹ́ pé àwọn ọmọ ń dúḿbú baba wọn láti fi bọ baba wọn! Àgbò kì í ṣe ìbátan. Ó dúró fún ipò ẹni tí ń ṣáájú agbo, tí ó sì ń fi ìwo gbèjà rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èèwọ̀. Johnson kọ ọ́ pé aya kì í gba orílẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ọ̀wọ̀ tún fi kún un pé èèwọ̀ aya lè di ti ìlú. Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, ní èèwọ̀ mẹ́ta: a kò gbọdọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá, a kò sì gbọdọ̀ ju ẹrù igi sílẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ dà á, ó sì sá lọ. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe ń ṣe ọdún Igogo, tí a kì í lu ìlù nígbà náà bí kò ṣe agogo, tí ọkùnrin kì í dé fìlà, tí obìnrin kì í sì í wé gèlè. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n ni ó so gbogbo ìlú pọ̀ nínú èyí. Ẹ̀bi àti ìrántí ni.

Ìdásẹ̀n ni ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn lásán. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ọ̀wọ̀ sọ pé àwọn ará Ìdásẹ̀n ti tẹ̀ dó kí àwọn tí ó ti Ilé-Ifẹ̀ wá tó dé. Bí olùkọ́ bá wí fún ọmọ Ìdásẹ̀n pé àmì kan náà ni ẹ̀jẹ̀ kan náà, ó ti pa ìtàn ìdílé ọmọ náà rẹ́. Bí ó bá sì wí pé ẹni tí orísun rẹ̀ yàtọ̀ kò lè bá ìlú pín àmì, ó ti tú ìlú ká.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá bá àmì pàdé nínú ìdílé, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ìlú tí oríkì rẹ̀ ń dárúkọ, ipò tí a gbé àmì náà sí lójúbọ, àti ẹni tí èèwọ̀ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Ìdáhùn lè jẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé Johnson kò ní ṣàì wúlò síbẹ̀. Totem ni kò yẹ kí a fi dípò orílẹ̀ mọ́.